Òpó fún Sójà Aláìlórúkọ

Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Ẹgbẹ́ Ìtàn Odigbo máa ń ti Ore lọ sí abúlé kan láti gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wọn. Ọlọ́runbùnmi ló ń fi fóònù ká ohùn àti àwòrán. Fàtíà, tó ń ta ìrẹsì ní gáréèjì Ore, ló ń kọ̀wé.

Ohun tí Fàtíà ń wá kiri yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Rìlwánù, ọkọ rẹ̀, di àwátì, lọ́dún tí kòkó tó gbìn sí oko Bàbá Gbádéyan ní Araromi-Obu kọ́kọ́ so. Àwọn ẹbí ní kó gbàgbé rẹ̀, kó fẹ́ ẹlòmíràn. Fàtíà kọ̀ jálẹ̀. Ṣebí Bàbá Gbádéyan fúnra rẹ̀ ló ní òun rí i ní gáréèjì tó ń wọ ọkọ̀ Kútọnu? Ó wà láàyè nìyẹn. Abúlé yòówù tí ẹgbẹ́ bá dé, Fàtíà á yọ fọ́tò síta: ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbára lé ọ̀pá. Ọ̀kadà ló gbá a ní Ore. Dókítà fi irin to egungun itan rẹ̀, Rìlwánù sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ti di lọ́rì, kí Fàtíà máa bá òun wo ṣúkúrù mẹ́fà ara òun kí wọ́n má tú. Ẹ̀rín ṣì máa ń pa á bó bá rántí.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Araromi-Obu ni wọ́n ń lọ. Òjò ti hú egungun apá ènìyàn síta létí odò, nísàlẹ̀ oko Bàbá Gbádéyan. Lébìrà tó rí i pariwo títí gbogbo abúlé fi gbọ́. Bàbá ní kí ọkàn wọn balẹ̀, sójà kan tó kú nígbà ogun abẹ́lé ni, ojú òun ló ṣe. Nígbà tí Adédoyin gbọ́, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní kí wọ́n da òpó kọnkéré kékeré kan láti fi ṣe ìrántí sójà náà, wọ́n sì fi ọ̀kadà gbé e wọ igbó.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó fi èdè Ìkálẹ̀ kí Adédoyin, ó wá yí ohùn padà nítorí Fàtíà, tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé kò tíì sí ìròyìn?"

"Kò tíì sí, Bàbá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Yóò dé."

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kì í jókòó sọ ìtàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ara ṣe é níbi tó ti ṣẹlẹ̀, kí òpó lè dúró lójú ibẹ̀ gan-an.

Nígbà tí àwọn àti lébìrà dé oko, Bàbá kọ́kọ́ ń lọ́ra. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun nígbà náà, inú igbó ni òun sá pamọ́ sí tí òun ń yọjú. Nígbà tó yá, ó gba àdá lọ́wọ́ lébìrà.

"Ibí ló gbà wá. Ẹsẹ̀ kan ò gbé e dáadáa, kò lè sáré. Ẹ̀yìn ni àwọn ọ̀tá gbà yọ sí i, wọ́n ṣá a lọ́rùn báyìí." Ó fi àdá náà gé afẹ́fẹ́. "Ó gbé apá sókè. Wọ́n ṣá apá náà, ó já, ó yí lọ sísàlẹ̀. Ó wá ń rákò. Ó rákò dé ìdí igi obì yìí. Wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, wọ́n ṣá a, wọ́n tún ṣá a, títí ó fi dákẹ́."

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó lójú. Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́runbùnmi.

"Kí ló dé tí wọn ò yìnbọn?" Adédoyin béèrè.

"Ìbọn a máa pariwo."

"Ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan?"

"Ó ń pe orúkọ ìyàwó ẹ̀."

"Kí ni orúkọ náà?"

Bàbá wo Fàtíà fìrí, ó wolẹ̀. "Mo ti gbàgbé. Ó ti pẹ́."

Fàtíà kọ ọ́ sínú ìwé: A kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe é gidigidi. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti dúró títí kó sú u.

Adédoyin fi igi fa àmì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ Bàbá wà. "Ibí ni ká gbẹ́."

"Rárá o," Bàbá wí. "Ẹ lọ ri òpó yín sẹ́bàá ọ̀nà, kí èrò lè máa rí i. Ẹ má yọ òkú lẹ́nu."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Òfin ẹgbẹ́ wa ni."

"Oko mi ni!"

Àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Adédoyin dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ki baba rẹ̀. Lébìrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tí ihò jìn dé orúnkún, ṣọ́bìrì ró gbàn-ín lára irin.

"Ìbọn rẹ̀ nìyẹn!" Adédoyin fò dìde pẹ̀lú ayọ̀. "Ọlọ́runbùnmi, má pa fóònù o!"

Fàtíà, tó sún mọ́ ihò jù, kúnlẹ̀, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa irin pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ egungun itan jáde, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó sì ń ka ṣúkúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé mẹ́fà.