Káfíńtà tó Fojú Wọn Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, ẹ má fò ó. Mo búra, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ó dáa, ẹ má jẹ́ kí n búra jù: ibì kan wà tí mo fi iyọ̀ tèmi sí.

1.
Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-Lòṣùwọ̀n. Bí ẹ bá gbé pákó wá, kò ní fa téèpù yọ. Á di ojú kan, á ní, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí. Tábìlì ilé ara rẹ̀ nìkan ló ń mì, òun sì ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, orí àga onítáyà ló ti ń ránṣọ, ọwọ́ ló fi ń yí ẹ̀rọ. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú ńlá wá kọ̀wé sí i: kó wá gé aṣọ lójú wọn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bó bá wù wọ́n, òun ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

2.
Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Ojú-Lòṣùwọ̀n ń lọ ra pákó nílùú náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé ìrépé aṣọ pupa kan fún un, ó ní bí àga òun ṣe fẹ̀ tó gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kó fi wọn ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, pàápàá ti ilé ìwẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi yìí ńkọ́?"

"Ojú ẹ kọ́ ló ń jókòó lórí àga mi. Mú un dání."

Ó rí òtẹ́ẹ̀lì kan tó dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀, màlúù méjì lè gbà á láì fara kanra. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. Ó fi ìrépé pupa nu òógùn ojú, ó tì í bọ àpò, ó gba yàrá.

3.
Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, wọ́n dé. Ẹnu ọ̀nà gbé àga náà mì, ẹ̀rọ agbéniròkè gbà á, yàrá gbà á. Ojú-Lòṣùwọ̀n ń súfèé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni àga dúró sí. Ó tì í, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, pàbó. Òógùn bò ó, ó fa ìrépé pupa yọ láti fi nù ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wò ó. Ó na aṣọ náà sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ fi ìka méjì fẹ̀ jù ú lọ.

Ó ní òun á máa gbé e wọlé.

"Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà ni wàá máa gbé lọ sílé ìtọ̀? Rárá, àbúrò mi."

Obìnrin tó ń gbàlejò nísàlẹ̀ sọ pé yàrá kan wà tí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ẹnì kan ti béèrè lọ́jọ́ Ajé.

4.
Òtẹ́ẹ̀lì kejì, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Ìkẹta, ẹ̀rọ agbéniròkè ti bàjẹ́. Ìpẹ̀kun ìlú ni wọ́n ti rí èyí tó gbà wọ́n. Láàárọ̀, takisí mẹ́ta rí àga, wọ́n sáré kọjá. Ìkẹrin ló gbé wọn. Aago mẹ́sàn-án ti lù kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ti mú ẹlòmíì.

Aránṣọ gba ìrépé pupa lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó ká a.

"Pákó ni kó o máa fojú wọ̀n. Èmi kì í ṣe pákó."

5.
Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ náà tún pè é, ó sì gba iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ẹni tó ń lo àga onítáyà rìnrìn àjò, ẹ gbọ́ o. Ẹnu ọ̀nà ńlá kọ́ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Ẹ béèrè ilé ìwẹ̀, ẹ béèrè àtẹ̀gùn, ẹ béèrè ọkọ̀ tó máa gbé àga, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbọ́ràn sí ẹni tó ni àga lẹ́nu. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ibi tí mo fi iyọ̀ sí? Ìpè yẹn ni. Wọn ò pè é.