Lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì Waliyat

“Bàbá Ìtùnú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Waliyat tún fìdí rẹmi o.”

Ọ̀rọ̀ tí Louisa sọ gbẹ̀yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó yíjú sí ògiri, ó dákẹ́. Ọládiípọ̀ rò pé oorun ni.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Louisa kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Àrẹ̀mọ. Nígbà tí àìsàn wọlé, àwọn ọmọ náà fọ́n ká. Waliyat nìkan ló kù. Louisa ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti ṣe WAEC tí Gẹ̀ẹ́sì gbé e ṣubú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wù ú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ìtùnú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Ọládiípọ̀ ti ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Bẹẹrẹ pa. Inú yàrá ló ń jókòó sí, fèrèsé ní títì. Bí aládùúgbò bá kanlẹ̀kùn, kì í dáhùn. Àwọn yẹn á sì gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á lọ.

Waliyat kanlẹ̀kùn ní tirẹ̀, kò lọ.

“Ẹ káàsán, sà. Mo wá fún lẹ́sìn ni.”

“Ẹni tó ń kọ́ ẹ ti kú.”

“Mo mọ̀, sà. Kí Mọ́mì tó lọ, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa bá mi parí ẹ̀.”

Ó ṣílẹ̀kùn.

Ìwé girama ni Ọládiípọ̀ kà mọ, kò sì kọ́ni rí. Ṣùgbọ́n Louisa ló ń bá a yẹ gbogbo káàdì ìgbéyàwó wò kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibẹ̀ ló ti mọ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbéni ṣubú. Wọ́n fi Túsìdeè àti Tọ́sìdeè sí i, ìrọ̀lẹ́.

Ibì kan náà ni Waliyat ti ń ṣubú ṣáá. Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: “I have seen him yesterday.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀,” ni Ọládiípọ̀ wí. “Ní èdè wa, o lè ní o ti rí i lánàá, kò séwu. Òyìnbó ò gbà. Tó o bá ti lè pe ‘yesterday’, nǹkan ọ̀hún ti kọjá nìyẹn, ‘have’ gbọ́dọ̀ dìde kúrò níbẹ̀. ‘I saw him yesterday.’”

“Àbí orogún ni wọ́n, Bàbá?”

“Orogún tí kì í bára wọn jókòó.”

“Èwo wá ni ìyáálé?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọládiípọ̀. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Waliyat a máa gbé mọ́ínmọ́ín wá. “Mi ò lè kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ tíṣà tébi ń pa,” ni yóò wí, yóò sì jókòó tì í títí abọ́ yóò fi ṣófo. Lọ́jọ́ kan ó dé, nǹkan funfun wà lápá aṣọ rẹ̀.

“Kí lo fara kàn?”

“Fúláwà ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe búrẹ́dì.”

Ọládiípọ̀ ní ó dáa.

Nígbà tó yá, Waliyat ní òun fẹ́ ìwé ìdánrawò tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Nítorí ìyẹn, Ọládiípọ̀ lọ ṣí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn tó rí i ní ṣíṣí gbé iṣẹ́ wá, ó sì gbà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló fẹ́ fi ilé ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó kọ ọ́: “My wife has lived here for thirty years.” Ó dúró, ó ń wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ‘has’ kúrò.

Ohùn Waliyat lọ sílẹ̀. “Bàbá, ẹ ò bá jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

“Kò tọ̀nà mọ́.” Ó jókòó. “Tó o bá fìdí rẹmi, Waliyat, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Louisa lọ́run?”

“Mi ò ní í fìdí rẹmi, sà.”

Oṣù ń gorí oṣù. Bí Waliyat bá ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ kan, Ọládiípọ̀ á ní ó ku díẹ̀ káwọn parí. Lọ́sẹ̀ kejì, ‘have’ àti ‘yesterday’ á tún ti jókòó pọ̀. Kì í bínú sí i. Kò sì béèrè ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí.

Ní Tọ́sìdeè tó kọjá, òjò ṣú bolẹ̀ lókè Màpó. Waliyat gba gbogbo ìbéèrè láìṣi ẹyọ kan. Ọládiípọ̀ yẹ ìwé náà wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ó wá àṣìṣe títí, ó sì rí ibi tí kò ti fi àmì ìdánudúró sí ìparí.

“Wọn ò ní gba èyí ní WAEC,” ó wí. “A óò tún un ṣe ní Túsìdeè.”

“Bàbá! Torí bíńtín yẹn?”

“Bó bá jẹ́ Mọ́mì rẹ ni ńkọ́?”

Waliyat wo ìwé náà, ó sì wo ojú rẹ̀.

“Wọn ò ní gbà á, sà. Mò ń bọ̀ ní Túsìdeè.”

Láti ìgbà ọyẹ́, lọ́jọ́ tó kó iṣẹ́ tó tẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè Bọ́lá, ni Ọládiípọ̀ ti rí Waliyat lójú fèrèsé, tó dúró níwájú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, tó ń kọ́ wọn ní ‘saw’ àti ‘have seen’ láìwo ìwé. Ọ̀gá ibẹ̀ sì sọ fún un pé ọmọ tí Louisa kọ́ ni, pé ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn. Kò tíì sọ fún Waliyat pé òun rí i. Kò tíì bi í léèrè ohun tí Louisa bá ìyẹn náà sọ kó tó kú. Kò tíì dúpẹ́. Kò tíì jẹ́ kó yege.