Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà

"Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindgren ní kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà…"

"Kó máa lọ?"

"Mi ò sí níbẹ̀ o. Àmọ́ ìwọ tí ìṣáná lásán ń bà lẹ́rù!" Brenna, tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan jọ ń gbé yàrá, bú sẹ́rìn-ín sí i.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun náà tẹ fóònù, ó kúrò ní kíláàsì kẹ́míísírì àwọn ọlọ́pọlọ tí Lindgren ń kọ́, ó bọ́ sí ti gbogbo èèyàn. Lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíràn gba àyè rẹ̀.

Wendell àgbà, tó ń pín awò ìdáàbòbò ojú lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹ́míísírì, gbọ́ wọn.

"Ọmọ mi, ojú mi ló ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní: 'Kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà wá jókòó níwájú. Ásíìdì kì í sábà jó irú ẹni bẹ́ẹ̀.'"