Irọ́ Kan Tí Daphne Pa Kó Tó Mòòkùn

Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá sọ pé ẹ ti gbọ́. Ẹ bá mi ka ìtàn yìí délẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣìṣe yín.

1.
Ní Rigby Cove, létí òkun Newfoundland ní Kánádà, àwọn apẹja kì í kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá dà nínú omi tútù yẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kàn ń fi ìyà kún ìyà ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èbúté fi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí Daphne Tizzard, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì tó ń gé ẹja ní ilé iṣẹ́ ẹja, sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn.

"Kí lo fẹ́ lọ wá nísàlẹ̀ omi?" Eldon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Ṣé ẹja tí ò ń gé látàárọ̀ kò tíì tó ọ ni?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń rí òkú ẹja. Mo fẹ́ rí ààyè."

"Omi yẹn á pa ọ́ o."

"Kó wá pa mí ná. Ẹ ṣáà máa wò mí!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgboyà yìí wù mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìgboyà ló kó bá Daphne, ẹ ní kó panu mọ́.

2.
Verna Legge ló kọ́ ọ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni ìyá náà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń mòòkùn, kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì wá òmíràn.

Òfin kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Nígbà òtútù, má ṣe mí nínú rọ́bà ẹnu rẹ, èyí tá a fi ń mí lábẹ́ omi, nígbà tó o bá ṣì wà lókè omi. Kí orí rẹ wọ omi ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin ẹnu rẹ á di yìnyín nínú rẹ̀, rọ́bà náà ò ní lè padé mọ́, afẹ́fẹ́ á sì máa tú jáde títí sílíńdà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ á fi gbẹ. Bó o bá ṣèèṣì ṣe é, tètè sọ. A ó gbé e lọ sílé lọ yọ́ ọ, a ó padà wá lọ́la. Mi ò ní bínú."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí Verna. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Ó di ẹ̀ẹ̀kọkànlá nìyẹn."

3.
Sátidé kan nínú oṣù kejì ni Daphne kọ́kọ́ fẹ́ wọ òkun gan-an. Afẹ́fẹ́ ń gé etí, síbẹ̀ èbúté kún fún àwọn apẹja tó wá wòran. Verna yí ẹ̀yìn padà, ó ń di okùn bàtà omi rẹ̀. Eldon na fóònù sókè.

"Daphne! Fi rọ́bà yẹn sẹ́nu, ká ya ọ́ bí amòòkùn gidi!"

Ó fi í sẹ́nu. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó mí tó ìgbà mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́.

Verna yíjú. "Ṣé o mí nínú rẹ̀?"

Daphne wo àwọn ọkùnrin yẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé yá nìyẹn, wọ́n á sì máa fi í ṣẹ̀sín nídìí tíì ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

"Rárá o."

"Ó dá ọ lójú?"

"Àǹtí, mo ní rárá!"

Áà, Daphne! Ọ̀rọ̀ kan péré.

4.
Òun àti Verna jọ wọ omi. Nísàlẹ̀, ẹja kọ́òdù kan dúró, ó ń wò ó. Ẹja ààyè! Inú rẹ̀ dùn débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ ni rọ́bà ẹnu rẹ̀ bú ramúramù, afẹ́fẹ́ ń tú yàà, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Verna fa rọ́bà ẹnu kejì tó wà lára sílíńdà tirẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ń fa sílíńdà kan nínú òtútù yẹn, ni ti Verna náà bá dì.

Ó yẹ kí amòòkùn rọra gòkè ni, torí bó bá yára, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè rọ ọ́ lápá lẹ́sẹ̀. Àyè à ń rọra kò sí mọ́. Verna gbá a mú, wọ́n fò sókè.

Daphne wú ikọ́, ó yè. Ẹsẹ̀ òsì Verna kò gbéra mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nínú yàrá irin tí wọ́n ti ń tọ́jú amòòkùn ní ìlú St. John's. Dókítà ní yóò máa fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mòòkùn mọ́ láé.

5.
Ẹgbẹ́ amòòkùn pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Alága fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Verna ni kò yẹ ohun èlò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò. Eldon fi ìgbọ̀nwọ́ gún Daphne. "Dákẹ́. Mo ti pa fọ́tò yẹn rẹ́."

Daphne dìde. "Mo mí nínú rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo purọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ ẹ bá máa kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, tèmi ni kẹ́ ẹ kọ!"

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ wọ òkun fún ọdún méjì.

"Ṣé o ti rí i?" ni Eldon wí níta. "Òkun kì í ṣe ohun eré."

"Òkun ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹnu mi ni. Màá padà wọ̀ ọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ!"

Ó kọrí sílé Verna. Verna kò fi tíì lọ̀ ọ́.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Ọdún méjìlélógún, Daphne. Irọ́ rẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Daphne bú sẹ́kún. "Gbẹ́nu dákẹ́! Mi ò ní jẹ́ kó gba akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ ló ni òfin òkun, wọn ò ni adágún ìwẹ̀. Wá síbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Èmi á jókòó sórí àga, ìwọ á wọ omi. Ojú ewé kìn-ín-ní la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, wọ́n máa ń ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò gbà! Ẹ̀sín ọ̀sẹ̀ kan kò rọ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí. Bẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ síta, kí wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n. Ẹni tí ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má purọ́ fún un láé, torí orí rẹ̀ ni irọ́ náà máa kọ́kọ́ wó lé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá.