Ọwọ́ Ìyá Rẹ̀

Ọmọbìnrin náà ti dé ìdajì ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é wọ ọ́fíìsì. Àyè kan ṣí sílẹ̀ ní òkèèrè: kó gba oyè dókítà, kó sì ṣe ìwádìí gba oyè ọ̀mọ̀wé pọ̀ mọ́ ọn. Ọdún gbọọrọ ni. Bí kò bá lọ, yóò parí ẹ̀kọ́ ní ọsibítù ìtòsí ilé ìyá rẹ̀, yóò sì máa sùn sílé.

Ìyá yìí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè de bọ́tìnnì. Ọmọ náà sọ fún un láìfi bò pé bí ọwọ́ náà bá san, òun yóò lọ. Bí kò bá san, òun yóò padà sílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dán oògùn tuntun wò fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ní kó mú ìyá wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí ọmọ dúró síta, òun àti ìyá sì jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí ìyá máa jáde, ìgò hóró oògùn wà nínú báàgì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ìdánwò náà, àwọn aláìsàn kan ń gba oògùn gidi, àwọn kan ń gba hóró ṣúgà tó jọ ọ́ bí ìbejì. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ń lo èwo, kí ìfẹ́ inú wọn má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Nọ́ńbà lásán ló wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ tí ọmọbìnrin náà, tó ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìdánwò náà, ń yẹ̀ wò. Èèwọ̀ ni kó béèrè nípa ìyá rẹ̀. Kò béèrè.

Kò pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

“Dókítà mi, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lónìí o! Èmi fúnra mi!”

Nígbà tó lọ sílé, ìyá ti wọ búláòsì, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sì pé. Ó káwọ́ sábẹ́ ìborùn, ó ní òtútù ń mú òun. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ọkùnrin káfíńtà tó ń bá ìyá gbé, ló gbé tíì wá.

“Ṣé èmi lo wá kí ni, àbí ọwọ́ mi?” ni ìyá wí. “Ó ti san. Ṣáà máa lọ.”

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

“Má lọ.”

“Kí ló dé?”

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Jókòó tì í fún odindi ọjọ́ kan ná.”

“Kí lẹ ń sọ níbẹ̀?” ìyá kígbe láti inú ilé.

Ó dun ọmọbìnrin náà wọra. Ẹni tó ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé nígbà tó wà ní kékeré, òun náà ló wá ń jowú rẹ̀ yìí. Ká ní ará ìta ni, ì bá má dùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹ fẹ́ kí n jókòó síbí, kí n máa gbá èérún igi yín,” ó ní. “Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe irú èyí sí mi.”

Ẹ̀gbọ́n padà wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e.

Ó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé òun yóò lọ, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá òun ni òun fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí fèrèsé, ó ní ó dára.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ lókèèrè kí ìdánwò oògùn náà tó parí. Èèwọ̀ ti kúrò. Ó fi ayọ̀ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ fún òun báyìí, ṣé oògùn gidi ni ìyá òun lò àbí ṣúgà.

“Ìyá ẹ ò sí lára àwọn tó lo oògùn wa rí,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, “àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára jù, òun ló bẹ̀ mí kí n fún òun ní hóró ṣúgà kí o lè lọ, èmi náà sì fẹ́ kí o lọ, àwa méjèèjì la wá mú kí ẹ̀gbọ́n ẹ búra pé òun ò ní sọ.”