Yìnyín Kì Í Ṣe Ẹrẹ̀

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ògúnṣèye, ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ní Òkè-Igbó, ní ìlú Wínípẹ́gì ní Kánádà, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di òkúta. Ògúnṣèye kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn ẹbí. Àbùkù kan tó ní ni pé, tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọkọ̀ wíwà, kò sí ẹni tó tó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ọdún méjìdínlógójì ló fi wa lọ́rì tó ń kó gẹdú nínú igbó Ọrẹ, níbi tí ẹrẹ̀ ti máa ń gbé ọkọ̀ mì dé ilẹ̀kùn. Kò há sínú rẹ̀ rí. Àwọn awakọ̀ igbó mọ̀ pé ẹni tó bá rọra nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú u sí. Iná ni kí o tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, má jẹ́ kí táyà sinmi.

Ìgbà ooru ni òun àti Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Mojírọ́lá ọmọ wọn, tó fẹ́ bímọ. Ògúnṣèye gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ wọn káàkiri. Ó ní ọ̀nà òyìnbó tẹ́jú bí ẹní.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù méjì, ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ni yìnyín kọ́kọ́ bọ́. Ibà dá Mojírọ́lá dúbúlẹ̀. Akínrìnọlá ọkọ rẹ̀ ń múra ibi iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní bóyá kí abẹ́rẹ́ yìí di ọ̀la. Ọkọ̀ oníyọ̀ ò tíì da iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín sójú títì. Tí ẹ bá sì máa lọ, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, pàápàá lórí afárá.”

“Iyọ̀?” Ògúnṣèye bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ fẹ́ fi títì se ọbẹ̀ ni? Akín, nígbà tí mo ti ń wa lọ́rì, bàbá rẹ ò tíì mọ ìyá rẹ.”

Ọ̀rọ̀ kún inú Akínrìnọlá. Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ ni ọkọ̀ mẹ́rin ṣe kọ lu ara wọn lórí afárá yẹn. Ṣùgbọ́n a kì í bá àna ẹni jiyàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Àbẹ̀ní jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ, tí wọ́n fi bẹ́líìtì dè mọ́ àga rẹ̀. Ní àdúgbò, yìnyín ga dé kókósẹ̀. Ògúnṣèye tẹ iná, táyà pòòyì, ọkọ̀ sì fò jáde.

“Ṣé o rí i? Ẹrẹ̀ funfun lásán!”

“Bàbá Mojí, ẹ rọra o.”

“Ìwọ náà?”

Nígbà tí wọ́n dé títì ńlá, kò rí yìnyín kankan mọ́. Ọ̀nà dúdú, ó mọ́, ó ń dán díẹ̀ bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Inú rẹ̀ dùn. Ó gun afárá. Lójijì, iná pupa tàn lẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níwájú.

Ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì gbọ̀n jìgìjìgì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ò dúró. Ó yí síárìn sí ọ̀tún, ọkọ̀ kọrí sí òsì. Kí lèyí? Ṣé ọkọ̀ ti yawèrè ni? Ohun tí ẹrẹ̀ Ọrẹ kọ́ ọ ló sọ sí i lọ́kàn, ó tẹ iná. Ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ pòòyì bí òkòtó. Odò bọ́ sí iwájú, ọ̀nà ilé bọ́ sí iwájú, tírélà kan bọ́ sí iwájú, kò mọ èwo ni iwájú gan-an mọ́. Tírélà fi díẹ̀ yẹ̀ wọ́n. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá ló dá wọn dúró.

Ògúnṣèye yíjú sẹ́yìn.

“Àbẹ̀ní! Ọmọ ńkọ́?”

Àbẹ̀ní di apá rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀yìn ìgbà tó dà bí ọdún kan ni ọmọ figbe ta.

Ògúnṣèye ṣílẹ̀kùn kó lè lọ gbé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jálẹ̀. Ó fọwọ́ pa títì. Ojú rí i bí ilẹ̀ lásán, ọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. “Omi ni, àbí òkúta?”

Ní ilé ìwòsàn, Akínrìnọlá sáré dé. “Bàbá, mo jẹ̀bi. Mo mọ̀, n kò sì sọ ọ́ bó ṣe yẹ.”

“O sọ ọ́. Èmi ni mo fi etí igbó Ọrẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì rú mi lójú. Kí ló dé tí mo tẹ iná, tí ọkọ̀ ò gbọ́?”

“Nínú ẹrẹ̀, táyà a máa rí ibi dì mú, Bàbá. Lórí omi tó dì mọ́ títì tí ojú ò rí, kò rí nǹkan kan dì mú. Tó bá ti ń yọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná àti bíréèkì, ẹ kọ síárìn síbi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì ní sùúrù.”

Ọmọ ò fara pa. Ṣùgbọ́n eegun apá Àbẹ̀ní ti ṣẹ́ sí méjì. Títí tí òtútù fi lọ, kò lè pọn ọmọ-ọmọ tó torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ògúnṣèye ló ń gbé ọmọ náà sí i lẹ́sẹ̀, tí kì í sì lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. Ìmọ̀ tó gbani lójú ọ̀nà kan lè pani lójú ọ̀nà míì. Ẹni tó bá dé ilẹ̀ àjèjì, kó bi ẹni tó bá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, ìbáà jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà má sì fi ìbọ̀wọ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kó yéni. Àwọn baba wa kò purọ́: bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.