Ẹni Tí Ìyá Bá Gbé Ife Fún

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wá gbé Ekam, Nirvail ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jí kí àkùkọ tó kọ. Òun ló pe ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún lọ, lẹ́yìn ìlú Ludhiana ní Íńdíà, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á wá bí ẹni tó fẹ́ ra ẹfọ̀n ọ̀sìn. Wọn ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní béèrè orúkọ. Ìyá yín á gbé ife wàrà kan jáde. Ẹni tó bá gbé e fún nínú ẹ̀yin méjèèjì la ó gbé."

"Kí ló dé tí èmi ò lè nàka sí i fún wọn?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Torí ogún ilẹ̀ bàbá yín ni. Ẹ̀gbọ́n kan ti ní ká wá gbé àbúrò rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan rí, kó lè dá ilẹ̀ jogún. Ìyá nìkan la máa ń gbà gbọ́."

Nirvail ò bínú sí i. Mukhtiar, ìyá wọn, ti tẹ̀ka sí ìwé wọn láìjanpata. Àwọn tó ti ibẹ̀ dé máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ àti pàṣán, oṣù mẹ́ta gbáko, ẹni tó bá sì bá wọn jà, wọ́n á ṣẹ́ ẹ lápá. Ìyà díẹ̀ ò ní pa Ekam, ohun tí Nirvail sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ekam, ara rẹ̀ ò balẹ̀ láti kékeré. Bí wọ́n bá ní kó lọ mú ọkọ́ wá, garawa ni yóò gbé dé. Nígbà òtútù, Mukhtiar mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, dókítà sì fún un ní oògùn tó ń lò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbà wúrà Mukhtiar di àwátì, tí wáyà bàbà ẹ̀rọ omi oko náà sì pòórá. Ta ni ká fura sí, bí kò ṣe ẹni tó ń gbé oògùn mì lójú ayé?

"Dókítà ní bí wọn ò bá tètè tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ báyìí," ni Mukhtiar wí lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, "ó lè wá oògùn fún ara rẹ̀ níbi tí kò dáa."

"Ẹ ò wá rí i!" Nirvail pàtẹ́wọ́. "Dókítà gan-an ti sọ ọ́!"

"Ó tún bi mí bóyá ẹlòmíì tún wà nílé tó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, tí tíṣà ń so ẹsẹ̀ rẹ mọ́ bẹ́ǹṣì."

"Èmi kẹ̀? Ẹ wò mí báyìí, Màmá. Mo lè jókòó sójú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

Òótọ́ ni. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni gbogbo abúlé ti ń yìn ín fún ìfarabalẹ̀.

Lójoojúmọ́, kó tó jẹun àárọ̀, Nirvail máa ń lọ wo ẹ̀rọ omi lóko. Lónìí, kò lọ, kí àwọn ọkùnrin náà má baà dé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa mú, imú rẹ̀ ti ń ṣe omi, ó ń yán ṣáá, egungun ń ro ó. Ó ní eruku ni. Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

Mukhtiar ń fọṣọ nídìí kànga. "Nirvail, ẹ̀jẹ̀ tún kán sí apá ẹ̀wù rẹ yìí."

"Ẹ̀gún ni, Màmá."

Ìyá tún fi ọṣẹ pa ojú ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ń fọ aṣọ náà lọ.

Ekam sáré wọlé láti oko, orin lẹ́nu rẹ̀, kò ti géètì. Ẹfọ̀n rọra jáde sójú ọ̀nà.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Nirvail ti fa bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìpakà yọ lára ògiri.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbàgbé ni."

"O gbàgbé! Ẹ̀gbà Màmá ńkọ́, ṣé o gbàgbé ibi tó o tà á sí?"

Ó nà án lẹ́ẹ̀kan, ó nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ekam ṣubú. Nirvail fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó ń fi ìkúùkù lù ú lẹ́nu, eyín kan sì bọ́ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi apá ẹ̀wù nu imú rẹ̀, ó tún lù ú.

"Ẹ dákun... mi ò mú nǹkan kan... ẹ jẹ́ kí n mí!"

"Ó tó!" Mukhtiar kígbe. "Mo ní ó tó, Nirvail!"

Ọkọ̀ jíìpù kan dúró sẹ́nu géètì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin wọlé, ọ̀kan gbé igi oparun tí wọ́n fi aṣọ wé dání. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Wọ́n ní ẹ fẹ́ ta ẹfọ̀n," ni ọ̀kan wí.

"Ẹ káàbọ̀," ni Nirvail dáhùn. Ó gbá Ekam lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó sì fà á dìde kí iṣẹ́ lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti lọ, yóò yáa sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Mukhtiar ti inú ilé jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife idẹ mú, wàrà ń dà sí i lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń wo ife.

Ó rìn kọjá lára Ekam, ó gbé ife náà lé Nirvail lọ́wọ́, ó sì ní, "Mu ún tán, ọmọ mi, ọ̀nà yẹn jìn."